Ó Dúpẹ́ Lọ́wọ́ Ẹ̀rọ, Ó Gbàgbé Mi

Rárá o! Ẹ má tíì bẹ̀ mí, Akọ̀wé! Ẹ jókòó ná. Ẹ fa àpótí yẹn mọ́ra, ẹ yà síbi tí èéfín iṣu tí mò ń sun yìí ò ti ní í bá yín, kí ẹ jẹ́ kí n sọ tinú mi tán kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀bẹ̀ tí ẹ̀gbọ́n yín rán yín. Ṣé ẹ rò pé mi ò mọ̀ pé òun ló rán yín ni? Òun nìyẹn tó ń yọjú lójú fèrèsé! Bàbá Jémima, mo rí yín o! Ẹ padà sínú ilé! Ẹjọ́ yín la ń rò níbí, a ò ránṣẹ́ pè yín!

Akọ̀wé, ṣé ẹ wà ní ṣọ́ọ̀ṣì lánàá àbí ẹ ò sí? Ẹ wà níbẹ̀. Ẹ wọ sùtánà yín tó funfun báláú, ẹ jókòó lọ́wọ́ iwájú, ẹ fi etí yín méjèèjì gbọ́ ọ. Ọkọ mi dìde láti dúpẹ́ pé Ọlọ́run yọ òun lọ́wọ́ ikú. Ó dáa. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo ní àmín. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Máíkẹ́lì Mímọ́, mo ní àmín. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Dókítà Viviane tó tọ́jú rẹ̀, èmi ni mo kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Idrissou, zémìjàn tó fi alùpùpù gbé wa dé Savalou. Ó wá gbé ohùn sókè, ó ní, ‘Mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀rọ yẹn! Ẹ̀rọ tó ń ríran! Ẹ̀rọ tí kì í ṣẹ́jú!’ Gbogbo ìjọ ní halelúyà! Mo ti tún ìborí mi ṣe. Mo ti gbé ẹsẹ̀ kan síwájú, mo ní ó kàn mí báyìí, torí ta ló tún kù? Ó ní, ‘Kí Ọlọ́run bùkún gbogbo wa,’ ó sì jókòó. Ó jókòó, Akọ̀wé! Èmi nìkan ni mo dúró láàárín àwọn obìnrin, mo ń wo òkè. Ìyá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bi mí pé kí ni mò ń wá. Mo ní nǹkan mi ló jábọ́.

Idrissou! Idrissou tó kàn gbé wa lọ tó gbé wa bọ̀! Ẹ̀rọ! Ẹ̀rọ tó jẹ́ pé tí wọ́n bá yọ wáyà rẹ̀ lára iná, ó tán nìyẹn! Ìyẹn lórúkọ nínú ilé Ọlọ́run, èmi ò lórúkọ!

Ẹ má sọ fún mi pé ó gbàgbé ni. Ẹni tó rántí zémìjàn, kí ló gbàgbé? Ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ mí. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti mú mi wọ ilé yín, ṣé mo ti pe orúkọ yín rí? Ìyàwó kì í pe àbúrò ọkọ rẹ̀ lórúkọ níbí, mi ò sì pè é. Mo wò yín lọ́jọ́ náà pẹ̀lú báàgì ilé-ìwé lọ́rùn yín, mo ní Akọ̀wé ni màá máa pè yín, Akọ̀wé náà lẹ sì ń jẹ́ lẹ́nu mi títí tí ẹ fi di òṣìṣẹ́ mérì, ọ́fíìsì ìjọba ìlú, lóòótọ́. Mo ń bọ̀wọ̀ fún gbogbo ẹni tó wà nínú ilé yìí, mo ń bọ̀wọ̀ fún ewúrẹ́ ilé yìí! Ọ̀wọ̀ tèmi dà? Ẹ dá mi lóhùn.

Ta ló kọ́kọ́ rí i? Ṣé ẹ̀rọ ló ń fọ ṣòkòtò ẹ̀gbọ́n yín? Èmi ni mò ń fọ̀ ọ́! Nígbà tí à ń ṣa kajú ní oko Lougba ni mo rí ẹ̀jẹ̀ lára rẹ̀. Mo bi í, ó ní omi èso kajú ló ta sí òun lára. Èso kajú! Ṣé ẹ ti rí i rí, kí omi èso máa ta sí ènìyàn lára lójoojúmọ́, kó sì jẹ́ ojú kan ṣoṣo yẹn ni yóò máa bà? Nígbà tí mi ò jẹ́ kó sinmi, ó ní ó dáa, jẹ̀díjẹ̀dí ni. Ó lọ wá egbò igi, ó rẹ ẹ́ sínú ìgò, ó ń mu ún láàárọ̀, ó ń mu ún nírọ̀lẹ́, ojú rẹ̀ ń fún pọ̀, ó sì ń rù. Ó ń rù lójú mi.

Ẹ̀rù bà mí, mi ò ní í purọ́ fún yín. Ẹ rántí bàbá yín. Mi ò tíì bí Jémima nígbà yẹn, ìyàwó tuntun ni mí, èmi ni mò ń gbé ẹ̀kọ gbígbóná lọ fún wọn. Jẹ̀díjẹ̀dí náà ni wọ́n kọ́kọ́ pè é. Lẹ́yìn náà wọ́n ní ayé ló ń bá wọn jà. Oríṣiríṣi orúkọ ni wọ́n pè é, kò sẹ́ni tó wo inú wọn wò, títí wọ́n fi fúyẹ́ débi pé ẹ̀gbọ́n yín nìkan ló ń gbé wọn jáde sínú oòrùn láàárọ̀, tó tún ń gbé wọn wọlé. Mo ní Ọlọ́run, mi ò fẹ́ rí èyí lẹ́ẹ̀kejì. Kí Jémima wá jókòó ti bàbá tirẹ̀ báyẹn? Rárá. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Ìgbà yẹn ni mo gbọ́ lórí rédíò pé àwọn dókítà kan ti dé sí kílíníìkì kan ní Savalou, pé wọ́n gbé kámẹ́rà kan wá tó tínrín bí okùn, wọ́n á fi wo ìfun ńlá ènìyàn láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, wọ́n á wá àwọn kókó kéékèèké tó lè di jẹjẹrẹ lọ́jọ́ iwájú, wọ́n á gé wọn kúrò kí wọ́n tó dì í. Wọ́n ní ẹ̀rọ kan wà níbẹ̀ tó ń bá dókítà wò ó, tó jẹ́ pé tí ojú dókítà bá fo nǹkan kan, òun á ké. Àwọn ará Nàìjíríà lórí rédíò ń pè é ní ọgbọ́n àtọwọ́dá, Dókítà Viviane ní IA làwọn ń pè é ní faransé, ẹ̀gbọ́n yín ní àjẹ́ ni! Ó ní, ‘Láti ìsàlẹ̀?’ Mo ní láti ìsàlẹ̀. Ó ní, ‘Ìsàlẹ̀ wo?’ Mo ní, Bàbá Jémima, ìsàlẹ̀ mélòó lẹ ní?

Ó fò dìde! Ó ní ojú wo ni òun óò fi máa wo ènìyàn lẹ́yìn tí wọ́n bá ti wo òun níbẹ̀. Mo ní ojú tí ẹ fi ń wò wọ́n báyìí náà ni. Mo bẹ̀ ẹ́, ó kọ̀. Mo bínú, ó kọ̀. Mo mú un lọ bá aríran ìjọ wa, mo ní bóyá á gbọ́ ti Ẹ̀mí. Aríran gbàdúrà, ó gbọ̀n rìrì, ó ní òun rí ilé funfun kan, òun rí àwọn aláṣọ funfun, wọ́n yí Nathanaël, ọkọ mi, ká, wọ́n ń tọ́jú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n yín pariwo halelúyà! Ó yíjú sí mi, ó ní ṣé mo gbọ́, ó ní ṣọ́ọ̀ṣì wa nìyẹn, kò sí Savalou nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Aríran la ojú kan. Ó ní, ‘Rárá o. Àwọn tí mo rí wọ bàtà.’

Háà! Akọ̀wé! Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dákú! Nínú gbogbo wa tí à ń fi ẹsẹ̀ lásán tẹ ilẹ̀ tí a bá ti wọ sùtánà, ta ló ń wọ bàtà pẹ̀lú aṣọ funfun bí kò ṣe dókítà? Ẹ̀gbọ́n yín wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó wo ẹsẹ̀ mi, ó wo ẹsẹ̀ aríran. Ó ní kí n lọ gba ọjọ́ ní Savalou.

Ẹ wá gbọ́ ìyà tí mo jẹ. Wọ́n dá ọjọ́ fún wa. Dókítà Viviane sọ fún un níwájú mi pé bó bá ku ọ̀la, kò gbọdọ̀ jẹ nǹkan kan tó le, omi nìkan, tíì tí kò ní mílíìkì, àti oògùn tí yóò mu tí yóò fọ inú rẹ̀ mọ́. Ó ní tí inú kò bá mọ́, kámẹ́rà ò ní í rí nǹkan gidi. Ẹ̀gbọ́n yín ń mi orí. Ó ń mi orí bí ọmọ ilé-ìwé! Àfi bí ọjọ́ ààwẹ̀ yẹn ṣe bọ́ sí ọjọ́ tí agbolé yín ń jẹ iṣu tuntun gan-an!

Ẹ mọ agbolé yín jù mí lọ. Ẹ wọ sùtánà o, ẹ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì o, kò sí ọmọ agbolé yín tó lè fi iṣu tuntun kan ẹnu kí àkọ́bí tó tọ́ ọ wò. Láti ìgbà tí bàbá yín ti lọ, ta ni àkọ́bí? Òun ni. Èmi wà lẹ́yìnkùlé, mò ń po oògùn rẹ̀ mọ́ omi, mò ń kọrin, mi ò mọ̀ pé Ìyá Akpassi, àbúrò bàbá yín, ti dé pẹ̀lú iṣu làbókò, pé wọ́n ti gún un, pé àwọn ọmọ ti jókòó yíká odó, itọ́ ń dà lẹ́nu wọn. Ìyá Akpassi ní, ‘Nathanaël, tọ́ ọ wò kí àwọn ọmọ lè jẹun.’ Ó ní wọ́n ní kí òun má jẹun. Ìyá ní, ‘Ta ló ní kó o jẹun? Mo ní kó o tọ́ ọ wò!’ Òun náà rò ó, ó rí i pé òótọ́ ni. Ó tọ́ ọ wò. Ṣùgbọ́n ṣé Ìyá Akpassi nìkan ló gúnyán nínú agbolé yín lọ́jọ́ yẹn? Ṣé ó lè tọ́ ti ìyá wò kó má tọ́ ti ìyàwó Eusèbe, ìbátan yín, wò? Ṣé ìyàwó Eusèbe ò ní í sọ pé ó kórìíra òun? Láti ẹnu ọ̀nà kan dé èkejì, òkèlè kan pẹ̀lú ẹ̀gúsí, òkèlè kan pẹ̀lú ẹran ìgbẹ́, òkèlè kan torí pé ti ìṣáájú yẹn dùn! Ó tọ́ ọ wò títí bẹ́líìtì rẹ̀ ò fi so mọ́.

Ẹ má rẹ́rìn-ín! Akọ̀wé, ẹ má rẹ́rìn-ín, àwo ìyàwó yín wà níbẹ̀! Ẹ̀yin lẹ fọwọ́ ara yín gbé e fún un! Wọ́n sọ fún mi!

Ó padà wá bá mi, ó ti nu ẹnu. Ó gba oògùn, ó mu ún tán láìráhùn. Mo sì yìn ín! Èmi aláìmọ̀kan yìí, mo ní ọkọ mi le, mo ní wò ó bó ṣe fi ebi sùn lọ́jọ́ iṣu tuntun. Ó ní, ‘Nítorí yín ni.’ Ó wo ojú mi, ó ní nítorí mi ni!

Oògùn bá iyán nínú rẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jà. Idrissou gbé wa, ẹ̀gbọ́n yín láàárín, èmi lẹ́yìn. A ò tíì fi Bantè sílẹ̀ dáadáa tó fi ní kó dúró. Ó sáré wọ igbó. Ó jáde. A lọ díẹ̀, ó ní kó dúró. Abẹ́ igi kajú, abẹ́ igi emi, ẹ̀yìn òkìtì ọ̀gán. Kò sí igbó láàárín ibí àti Savalou tí kò mọ ọkọ mi báyìí. Idrissou ní, ‘Bàbá, ṣé ká kúkú máa fẹsẹ̀ rìn?’ Mo rò pé oògùn ló ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Mò ń dúpẹ́ lórí alùpùpù!

Wọ́n jẹ́ kí n wọlé tì í, torí ó ní òun ò ní í dùbúlẹ̀ tí èmi ò bá di òun lọ́wọ́ mú. Ẹ gbọ́ ìyẹn o! Ọwọ́ mi ló dì mú, kì í ṣe ọwọ́ ẹ̀rọ, ẹ̀rọ ò lọ́wọ́! Wọ́n ní kó fi ẹ̀gbẹ́ dùbúlẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n kan wà lókè tí a ti ń wo inú rẹ̀. Dókítà Viviane ṣàlàyé pé tí ẹ̀rọ bá fura sí nǹkan kan, á fi ìlà aláwọ̀ ewé yí i ká, á sì dún. Kámẹ́rà wọlé. Kò tíì lọ jìnnà. Tin! Ìlà yí nǹkan funfun kan ká. Ẹ̀gbọ́n yín ní yéè. Tin! Òmíràn nìyẹn. Tin! Tin-tin-tin! Ìlà ewé kún ojú tẹlifíṣọ̀n, ẹ̀rọ ń ké bí ìgbà tí ọmọdé bá rí agogo kẹ̀kẹ́ tí kò fẹ́ fi í sílẹ̀ mọ́. Mo ní ó parí. Mo ní nǹkan náà ti kún inú ọkọ mi, a ti pẹ́ jù.

Ẹ ò mọ ohun tí ẹ̀gbọ́n yín ṣe? Ó bẹ̀rẹ̀ sí í pín ogún! Lórí bẹ́ẹ̀dì, pẹ̀lú okùn nídìí! Tin! Ó ní kí Jémima mú ilé. Tin! Ó ní kí Exaucé, ọmọkùnrin wa, mú alùpùpù. Tin! Ó ní oko kajú Lougba, kí wọ́n fún ẹ̀yin. Ẹ̀yin! Oko tí mo ti ṣa kajú títí ẹ̀yìn mi fi tẹ̀! Tin! Àga onítìmùtìmù, kí wọ́n gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ewúrẹ́, ó fún Ìyá Akpassi. Mò ń sunkún, mo sì ń dúró, mo ní ó máa tó kàn mí. Ẹ̀rọ sinmi díẹ̀, òun náà sinmi. Ogún ti tán! Akọ̀wé, ogún tán! Èmi tí mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, tí èékánná rẹ̀ wọ̀ mí lára, kò fi ṣíbí kan sílẹ̀ fún mi!

Ìgbà náà ni Dókítà Viviane dúró. Ó tẹ nǹkan kan, omi tú láti ẹnu okùn, ọ̀kan nínú àwọn kókó yẹn yí gbirigbiri, ó bá omi lọ. Dókítà tẹ orí sílẹ̀. Èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Mo rò pé ó ń bá wa sunkún. Ẹ̀rín ni! Ó ní, ‘Bàbá, kí lẹ jẹ lánàá?’ Ẹ̀gbọ́n yín ní òun ò jẹ nǹkan kan. Ó ní, ‘Bàbá, iyán ni mò ń wò yìí.’ Ẹ̀gbọ́n yín ní òun ò jẹ ẹ́, òun tọ́ ọ wò ni. Dókítà yẹn, ọmọ Savalou ni, ọmọ ilé iṣu, kò ní ká ṣàlàyé fún òun. Ó kàn bi í pé, ‘Ilé mélòó?’

Ilé mélòó! Háhàáhà! Ẹ jẹ́ kí n nu ojú mi. Ilé mélòó!

Ó sọ fún wa pé ẹ̀rọ kò ṣe àṣìṣe tó fi bẹ́ẹ̀ burú. Àwòrán inú àwọn ará ibòmíràn ni wọ́n fi kọ́ ọ, àwọn tí kò mọ ohun tó ń jẹ́ làbókò, kò tíì bá iyán pàdé rí. Ó rí nǹkan kékeré tó lẹ̀ mọ́ ìfun, ó ké. Ó ní iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti pe òun pé kí òun wá wò ó, iṣẹ́ òun ni láti mọ èyí tó jẹ́ kókó àti èyí tó jẹ́ òkèlè. Ó wá dá ẹ̀rín dúró, ó ní ká lọ, ká padà wá pẹ̀lú inú tó mọ́, torí nǹkan gidi lè fara pamọ́ sábẹ́ iyán yẹn, òun ò lè sọ pé ó wà, òun ò sì lè sọ pé kò sí. Ìyẹn ni mo gbé padà sí Bantè. Gbogbo ọ̀nà ni mò ń rẹ́rìn-ín lẹ́nu, tí mo sì ń gbàdúrà lọ́kàn.

Ẹ rántí bí mo ṣe ṣe nígbà kejì. Mo kó gbogbo ohun tó ń jẹ́ iṣu kúrò nílé. Mo gbé àga sí ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀, mo jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú igi tí a fi ń gúnyán lọ́wọ́ mi, ìyẹn ọmọ odó fúnra rẹ̀! Ẹ̀yin wá, ẹ ní ẹ fẹ́ kí i. Mo ní ẹ la ọwọ́ yín. Ẹ̀pà ló wà níbẹ̀! Ìyá Akpassi rán ọmọ wá pé kí n jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n yín tọ́ àkàrà wò, mo ní kí wọ́n kí ìyá, kí wọ́n gbé àkàrà ìyá padà. Òun ń ké láti inú yàrá pé òun ń gbọ́ òórùn ọbẹ̀ ilé Eusèbe, mo ní ẹ di imú.

Ọjọ́ tí a padà lọ, ẹ̀rọ dákẹ́. Kámẹ́rà wọlé títí dé òpin, gbogbo ibẹ̀ mọ́, ó ń dán, mo ní ẹ wo bí inú ọkọ mi ṣe dára! Dókítà bẹ̀rẹ̀ sí í fà á bọ̀ díẹ̀díẹ̀, ó ń wo ọ̀tún, ó ń wo òsì. Ó ti ń kọjá ibì kan. Tin. Ẹyọ kan. Ẹ̀gbọ́n yín ní, ‘Iyán ni, dókítà, ó ti pẹ́ tó wà níbẹ̀...’ Mo ní ẹ dákẹ́! Dókítà padà sẹ́yìn, ó fi omi fọ ibẹ̀. Kò bá omi lọ. Ó tún fọ̀ ọ́. Kò lọ. Ó rí pẹlẹbẹ, ó lẹ̀ sẹ́yìn ibi tí ìfun ti ṣẹ́ po, àwọ̀ rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti ara. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Dókítà Viviane ní, ‘Èyí, ojú mi ì bá ti fò ó.’ Ó fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Ó fi wáyà tínrín kan gé e kúrò, wọ́n fi ránṣẹ́ sí Cotonou kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, àwa sì padà sílé láti máa retí. Mi ò lè jẹun. Mò ń wo ojú ẹ̀gbọ́n yín bí ẹni tó fẹ́ há a sórí.

Fóònù dún. Dókítà ní kò tíì di jẹjẹrẹ. Ó ní ọ̀nà ibẹ̀ ló ń lọ, ká ní a fi sílẹ̀, ibẹ̀ ló máa dé, ṣùgbọ́n wọ́n ti gé e kúrò tán, kó kàn máa padà wá kí wọ́n wò ó nígbà tí wọ́n bá pè é. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, Akọ̀wé. Mo sunkún, mo rẹ́rìn-ín, mo tún sunkún. Inú mi dùn débi pé mo da ẹ̀wà tí mo sè fún àwọn ọmọ síwájú ewúrẹ́.

Inú mi ṣì ń dùn títí di ìsinsìnyí, ẹ má jẹ́ kí ẹnu mi tàn yín. Ohun tó ń bí mi nínú jù nìyẹn! Mi ò rí ìbínú yìí bí dáadáa! Tí mo bá ti gbé e dé ibi tó yẹ kí n bú u, màá rántí ‘Ilé mélòó’, ẹ̀rín á gbà á lọ́wọ́ mi. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó, ó ń lọ láti ilé dé ilé nínú Bantè, ó ń fi ẹnu dún tin-tin fún àwọn ènìyàn, ó ń sọ pé ọ̀rẹ́ òun ni ẹ̀rọ. Ọ̀rẹ́! Ta ló rí ẹ̀jẹ̀? Ta ló gbọ́ rédíò? Ta ló mú un dé ọ̀dọ̀ aríran, ta ló jókòó pẹ̀lú ọmọ odó? Ẹ̀rọ yẹn rí i lẹ́ẹ̀kan. Èmi ń rí i lójoojúmọ́!

Ó dáa. Ẹ̀bẹ̀ yín, mi ò ní í kọ̀ ọ́, ẹ ti jókòó pẹ́. Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà tí Dókítà Viviane ní kí n sọ fún yín, ẹ̀yin gan-an. Ó bi mí nípa bí bàbá yín ṣe kú, mo sọ fún un. Ó bi mí bóyá wọ́n ní ọmọ mìíràn. Mo ní wọ́n ní ọ̀kan, àbúrò ọkọ mi. Ó ní kó wá, kó má dúró de pé nǹkan ń ṣe òun, torí àìsàn yìí máa ń rìn nínú ẹbí. Ẹ ní kí ni? Ẹ ní kò kánjú? Ta ló ń kánjú, mo kàn ń jíṣẹ́ ni.

Kí ló dé? Ẹ ń rẹ́rìn-ín tẹ́lẹ̀. Ẹ gbójú sókè. Akọ̀wé, ẹ má wo iṣu yẹn, èmi ni kẹ́ ẹ wò.

Láti ìgbà wo?

Láti ìgbà ọyẹ́? Ẹ ti ń rí ẹ̀jẹ̀ kí ẹ̀gbọ́n yín tó rí tirẹ̀, ẹ sì jókòó ní ṣọ́ọ̀ṣì lánàá, ẹ ń ṣe halelúyà fún ẹlòmíràn? Ìyàwó yín mọ̀? Kò mọ̀. Ẹ ń fọ ṣòkòtò yín fúnra yín. Yéè! Mo rí yín! Mo rí yín lẹ́bàá kànga, ẹ ń fọ aṣọ, mo ní ẹ wo Akọ̀wé, ó ti di ọkọ rere! Mo fi yín ṣe àpẹẹrẹ fún Eusèbe! Ẹ ní kí ni? Ẹ tún un sọ, mi ò gbọ́. Ẹ ní jẹ̀díjẹ̀dí ni?

Abdias.

Ẹ gbọ́ ohun tí mo pè yín? Orúkọ yín ni. Mi ò pè é rí láti ọjọ́ tí mo ti wọ ilé yìí, mo pè é lónìí kí ẹ lè mọ̀ pé eré ti tán. Èmi ni mo gbé ẹ̀kọ fún bàbá yín, Abdias. Mi ò ní í gbé e fún yín. Mo mọ̀ pé ẹ̀rù ń bà yín. Ó ba ẹ̀gbọ́n yín náà, títí tó fi kó oko mi fún yín! Ó sì lè jẹ́ jẹ̀díjẹ̀dí lóòótọ́ o. Kí Ọlọ́run jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀! Kí ẹ̀rọ yẹn dákẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, màá jó dé Gouka! Ṣùgbọ́n òun àti Dókítà Viviane ni kó sọ fún mi, kì í ṣe egbò igi nínú ìgò. Ẹ nu ojú yín. Ẹ má jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n yín rí i lójú fèrèsé.

Ẹ gbọ́ ohun tí màá gbà kí n tó dárí jì í. Láàárọ̀ ọ̀la, Idrissou á gbé wa lọ sí Savalou, ẹ̀yin láàárín, èmi lẹ́yìn, a ó lọ gba ọjọ́. Ẹ máa sọ fún ìyàwó yín kí oòrùn òní tó wọ̀, àbí kí n bá yín sọ ọ́. Lọ́jọ́ tí ẹ bá máa mu oògùn, màá gbé àga mi sí ẹnu ọ̀nà yín, ẹ ò sì ní àwáwí kankan, torí ẹ̀yin kì í ṣe àkọ́bí, kò sẹ́ni tó ní kí ẹ tọ́ nǹkan kan wò! Ìyàwó yín á di ọwọ́ ọ̀tún yín mú, èmi á di òsì. Tí ẹ̀rọ bá dún, tí ọkàn yín bá ní kí ẹ pín ogún, ẹ pín in. Ṣùgbọ́n oko kajú Lougba, tèmi ni!

Lọ́jọ́ tí ẹ bá wá dìde láti dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run ná, èmi ò bá Ọlọ́run du àyè. Tí ẹ bá ti kúrò lọ́dọ̀ Ọlọ́run, èmi ló kàn! Kí ẹ̀rọ tó dé, kí dókítà tó dé, kí zémìjàn tó dé! Ẹ má sì pè mí ní Ìyá Jémima níbẹ̀, ẹ má pè mí ní ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi. Mo ti pe tiyín, ẹ pe tèmi. Madeleine. Ẹ pè é kí n gbọ́ bó ṣe máa rí lẹ́nu yín. Ẹ pè é sókè!

Ẹ̀ẹ̀n-ẹ́n! Háà, ó dùn! Ẹ tún un pè! Bàbá Jémima, ṣé ẹ ń gbọ́? Ẹ jáde wá, mo ti dárí jì yín, ẹ wá bá àbúrò yín pè é! Akọ̀wé, kí lẹ ń jẹ lẹ́nu yẹn? Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ sunkún tán, ẹ ti kó iṣu mi! Ẹ ní ẹ kàn ń tọ́ ọ wò? Háhàáhà! Tin! Tin-tin-tin!